Bí Olè Bá Wọlé Lóru, Ibo Ni Ẹ̀tọ́ Yín Mọ?

Àdúgbò kan wà ní àríwá Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa, tí wọ́n ń pè ní Fourways. Oríta ló fún un lórúkọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Witkoppen ti pàdé ọ̀nà gbọọrọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí William Nicol tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Winnie Mandela lọ́dún 2023. Bí ẹ bá kọ́kọ́ débẹ̀ láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni ògiri. Ògiri ga, wáyà oníná wà lórí ògiri, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu géètì tó máa béèrè ẹni tẹ́ ẹ wá kí, táá pe onílé lórí fóònù kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Lára ilé kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ aláàbò kan ti kan pátákó mọ́ ògiri láti kìlọ̀ fún olè pé bí aago ìdágìrì bá dún, àwọn tó gbé ìbọn ló ń bọ̀. Ẹ máa rò pé kò síbi tí olè lè gbà wọlé. Olè ń wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn ọgbà náà. Mo wà lọ́dọ̀ wọn lóru ọjọ́ kan tí iná lọ, tí gbogbo àdúgbò ṣú biribiri. Ní nǹkan bí aago méjì, a gbọ́ tí ẹnì kan ń mi ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kò kàn án o, ṣe ló ń mì ín bí ẹni tó fẹ́ já a. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, àwọn olè ti wọ ilé kejì sí tiwọn, wọ́n sì na ìbọn sí bàbá àgbàlagbà tí wọ́n bá níbẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó rò pé atẹ́gùn ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fa àdá tí wọ́n fi ń gé koríko yọ lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ kéékèèké wọ balùwẹ̀, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Èmi dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí mi ò lè tàn, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àdá sókè.

“Ta nìyẹn?” Ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

“Dádì, èmi ni.”

Àkọ́bí wọn ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ti sọ pé òun máa sùn sílé ọ̀rẹ́ òun. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dá a mọ̀, ó sì jẹ́ kó wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ni ò mú dání, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, wọn ò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba ẹnu wa. Ká sọ pé olè ni lóòótọ́ ńkọ́? Ká sọ pé wọ́n ti ṣá a? Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀, àbí ta ló ní kó wá wọlé onílé lóru? Ọkọ wọn ò dáhùn.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Àwa la máa ń sọ pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, a sì máa ń sọ ọ́ bíi pé ohunkóhun tí olóhun bá fi olè ṣe lọ́jọ́ kan yẹn, kò sẹ́ni tó lè bi í. Mo wádìí ohun tí òfin sọ ní South Africa, mo wo tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì wo tiwa nílé. Òfin fún olóhun ní ọjọ́ kan lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ náà kúrú ju bá a ṣe rò lọ.

Olè tó ń bọ̀ àti olè tó ń lọ

Òfin South Africa gbà pé ẹnikẹ́ni lè fi agbára dáàbò bo ara rẹ̀, ẹlòmíì, tàbí ohun ìní rẹ̀. Kò sí ìwé òfin kan ṣoṣo tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí. Inú ìdájọ́ tí àwọn adájọ́ ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún pípẹ́ la ti ń rí i. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ò ṣòroó lóye. Ṣé ẹni náà ń ṣe ohun tí òfin kọ̀? Ṣé ewu náà ti dé tàbí ó kù díẹ̀ kó dé? Ṣé ó pọn dandan kẹ́ ẹ fi agbára dá a dúró? Ṣé ẹni tó fẹ́ ṣe yín léṣe gan-an lẹ dojú kọ? Ṣé agbára tẹ́ ẹ lò mọ níwọ̀n, tá a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fẹ́ ṣe sí yín?

Ìbéèrè nípa àkókò ló máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ara ẹni ò wà ṣáájú ewu, kì í sì í gbé lẹ́yìn tí ewu bá ti kọjá. Ẹni tó fi ọ̀bẹ wọlé tọ̀ yín wá, ẹ lè dá a dúró, kódà bó bá máa kú sí i. Bí ẹni kan náà bá ju ọ̀bẹ sílẹ̀ tó sì ń fo ògiri jáde, ọ̀rọ̀ ti yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì, tí àyà yín sì ń lù kìkì. Láti ìgbà yẹn lọ, olùgbẹ̀san lẹ jẹ́, òfin ò sì mọ olùgbẹ̀san.

Ẹjọ́ ńlá kan wà lórí èyí. Ní ìlú Lady Frere, ní ìpínlẹ̀ Eastern Cape, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì. Ẹnì kan fọ́lé wọbẹ̀, wọ́n sì yìnbọn fún un bó ṣe ń sá lọ. Ó kú. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan bàbá àti ọmọ. Nígbà yẹn, ẹ̀ka 49 nínú òfin tó ń darí ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1977, gbà pé èèyàn lè pa ẹni tó ń sá bí wọ́n bá fura pé ó jẹ̀bi irú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan, olè jíjà sì wà lára wọn. Orí ìyẹn ni bàbá àti ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ wọn lé. Ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ tó ń bójú tó Òfin Ìpìlẹ̀, ní Johannesburg níbẹ̀. Ní May 21, 2002, ilé ẹjọ́ náà pa apá ibi tó fàyè gba irú pípa bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní ẹ̀mí èèyàn, tó fi mọ́ ẹ̀mí olè, ga ju ohun ìní lọ. Láti mú ẹni tó ń sá, wọn ò gbọ́dọ̀ yìnbọn pa á, àfi tó bá ń fi ìpalára ńlá halẹ̀ mọ́ èèyàn, tàbí tí ìdí gidi bá wà láti fura pé ó ti ṣe ẹlòmíì léṣe gan-an, tí kò sì sí ọ̀nà míì láti mú un.

Kì í ṣe pé àwọn adájọ́ ò mọ bí oru ṣe ń rí o. Léraléra ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀ nílé ẹjọ́ kí wọ́n wá máa fi ọgbọ́n ọ̀sán gangan wọn ohun tẹ́nì kan ṣe lóru nínú ìpayà. Wọn ò sọ pé kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ pàdé ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ fi igi pàdé igi. Obìnrin kan tí géńdé ọkùnrin mẹ́ta ká mọ́lé lè lo ohun tó ju ọwọ́ lásán lọ. Wọn ò sì retí pé kẹ́ ẹ sá kúrò nínú ilé ara yín. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fẹ̀rí hàn pé ẹ jàre, ìjọba ló máa fẹ̀rí hàn láìsí iyè méjì pé ẹ jẹ̀bi. Gbogbo èyí wà lára ohun tí òfin fún olóhun, kò sì kéré.

“Ta nìyẹn?”

Ó pẹ́ tí mo ti ń ronú nípa ọ̀rọ̀ méjì tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sọ lóru ọjọ́ yẹn. Ó ti wá yé mi pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń yàtọ̀ síra.

Ẹjọ́ Oscar Pistorius lèyí tí gbogbo ayé mọ̀. Òun ni sárésáré tí kò lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tó gba àmì ẹ̀yẹ lóríṣiríṣi. Òru February 14, 2013, nínú ọgbà kan ní Pretoria tó jọ àwọn ti Fourways bí ìbejì, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin gba ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Reeva Steenkamp, ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ó sì kú. Pistorius ní òun rò pé olè ló wà níbẹ̀, pé òun tiẹ̀ pariwo kó jáde. Lọ́dún 2014, Adájọ́ Thokozile Masipa ní kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, pé àìfararo àti àìṣọ́ra ló mú un ṣe é, ó sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní December 2015, ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Bloemfontein yí ìdájọ́ náà padà sí ìpànìyàn.

Ìdí tí wọ́n fi yí i padà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí. Wọn ò sọ pé ó mọ̀ pé Reeva ni. Wọ́n ní ìyẹn ò tiẹ̀ ṣe pàtàkì. Yàrá kékeré ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, kò síbi tẹ́nikẹ́ni lè yà sí nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin wọ irú ibẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan lè kú, ó sì yìn ín bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Kò sẹ́ni tó jáde sí i, kò sẹ́ni tó na nǹkan kan sí i. Ewu wo wá ni ibọn náà ń dá dúró? Ní 2017, wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọdún mẹ́tàlá àti oṣù márùn-ún. January 2024 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀ kó lọ parí èyí tó kù nílé.

Ṣáájú ìgbà yẹn, nínú ìdájọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1993, ọkùnrin kan wà nínú ilé tó ti tì pa, tí irin wà lójú fèrèsé rẹ̀, lójú ọ̀sán. Ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn níta, ó na ìbọn gba ojú fèrèsé, ó sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà láìkìlọ̀. Ọ̀kan kú. Kì í ṣe olè ni wọ́n. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó wà nínú ilé tó ti tì pa, tó tún gbé ìbọn, kò ní ìdí tó fi máa gbà pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ò sì bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí láti ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn.

Òfin fàyè díẹ̀ gba àṣìṣe o. Bí ẹ bá gbà tọkàntọkàn pé wọ́n fẹ́ pa yín, tó wá jẹ́ pé ẹ ṣì í, wọ́n lè má pè yín ní apànìyàn. Àmọ́ bí àṣìṣe náà bá jẹ́ irú èyí tí èèyàn tó fara balẹ̀ ò ní ṣe, ẹ̀sùn pé ẹ fi àìṣọ́ra pànìyàn ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà nídìí rẹ̀.

Kóòtù nìkan kọ́ ló ń fìyà jẹni. Lọ́dún 2004, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù rugby kan tó ti gbá fún South Africa rí i pé wọ́n ń wa mọ́tò jáde nínú ọgbà rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ó rò pé olè ni, ó yìnbọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń wa mọ́tò. Ìjọba ò pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní ìyà tó ti jẹ ẹ́ tó.

Dúkìá ńkọ́?

Ẹnì kan máa sọ pé bí olè ò bá tiẹ̀ fẹ́ pa mí, ṣé kí n máa wò ó kó kó ohun tí mo fi òógùn ojú rà lọ ni? Rárá. Ẹ lè lé e, ẹ lè gbá a mú, ẹ lè jà á gbà. Ibi tí wàhálà wà ni pípa èèyàn nítorí ohun ìní.

Lọ́dún 1967, ilé ẹjọ́ tó wà ní Bloemfontein gbọ́ ọ̀rọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn olè ò fi lọ́rùn sílẹ̀. Ó ti gbìyànjú gbogbo ohun tó mọ̀. Níkẹyìn, ó de ìbọn mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù lọ́nà tó fi máa yìn bí ẹnì kan bá fọ́lé wọlé, ó rọ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ kó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ló máa bà, ó sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Afrikaans. Olè wọlé, ìbọn yìn, olè kú. Àwọn adájọ́ ní òfin lè dáàbò bo irú oníṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ yẹn bíi pé àná ni wọ́n ṣe é. Àmọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ tí South Africa ṣe lọ́dún 1996 sọ pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òfin sì ń ṣiyè méjì pé ilé ẹjọ́ òde òní máa tún sọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi o, mi ò ní gbé ẹ̀mí mi àti òmìnira mi lé ìdájọ́ ọdún 1967 nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn tó bá ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin ìbọn South Africa, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000, ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gba ìwé àṣẹ ìbọn àfi tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tó sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú títí láé. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ lásán, bíi ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, kò lè gbà á. Bó bá lọ yá ìbọn ọ̀rẹ́ tó sì lò ó, kódà kó jàre lórí ọ̀rọ̀ olè, ẹjọ́ ìbọn ṣì ń dúró dè é. Agolo ata tí wọ́n ń fín síni lójú ò gba ìwé àṣẹ ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi irú agolo bẹ́ẹ̀ sínú àpò ọmọ yín tó ń lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ òfin ìbọn ti ọdún 1968, ohun ìjà tí wọ́n kà léèwọ̀ ni lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti nílé

Ní ti agbára fúnra rẹ̀, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1967 sọ ọ́ ní ṣókí: agbára tó bá bọ́gbọ́n mu nínú ipò tí èèyàn bá ara rẹ̀ lèèyàn lè lò láti dá ìwà ọ̀daràn dúró. Lọ́dún 2013, wọ́n tún fọwọ́ sí i pé onílé tí olè ká mọ́lé lè ré kọjá ìwọ̀n díẹ̀, bí kò bá ti ré kọjá jìnnà. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tony Martin, ní Norfolk, ló dá àríyànjiyàn tó pọ̀ jù sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1999, ó yìnbọn fún àwọn méjì tó wọlé rẹ̀ lóru. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ̀kan, ẹ̀yìn ni ọta ti bà á, ó sì kú. Wọ́n dá Martin lẹ́bi ìpànìyàn lọ́dún 2000. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù lọ́dún tó tẹ̀ lé e nítorí àìsàn ọpọlọ, síbẹ̀ ọdún 2003 ló tó jáde lẹ́wọ̀n. Ìwé ìròyìn kún fún àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn.

Nílẹ̀ wa, ẹ̀ka 286 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù sọ pé ẹni tí wọ́n kọ lù láìjẹ́ pé òun ló wá ìjà lè fi agbára dáàbò bo ara rẹ̀. Kó tó lè lo èyí tó lè pa èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi láti bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, kí ó sì gbà pé kò sí ọ̀nà míì. Ẹ̀ka 33 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 náà dárúkọ ìdáàbòbò ara ẹni àti ti dúkìá, pẹ̀lú agbára tó pọn dandan nìkan.

Èwo nínú gbogbo èyí ló bá táyà tí wọ́n ń kọ́ sí olè lọ́rùn lọ́jà wa mu? Ẹni tí wọ́n ti dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀ ò lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe mọ́. Ẹ̀tọ́ olóhun ti parí látìgbà tí okùn ti wọ ọwọ́ olè. Ní October 2012, àwọn èèyàn Aluu nítòsí Port Harcourt lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n, wọ́n ní olè ni wọ́n. Ní July 2017, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún àwọn mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ, ní Fourways àti nílé, pé bí olè bá kú síta, kí onílé yára wọ́ ọ wọlé. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni. Ẹ̀jẹ̀ máa fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn, ẹni tó jàre á wá di ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, 10111 ni nọ́ńbà wọn ní South Africa, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n pe àwọn tó lè tọ́jú ẹni tó fara pa, kódà bó jẹ́ olè. Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ wá agbẹjọ́rò. Òfin South Africa fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí tó fi máa dé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé ẹ̀sùn bí ẹ tiẹ̀ jàre; kì í ṣe pé wọ́n ti dá yín lẹ́bi nìyẹn.

Ní ti ilé ẹ̀gbọ́n mi, àdá ti kúrò lábẹ́ ibùsùn, inú ilé irinṣẹ́ lẹ́yìnkùlé ló wà báyìí pẹ̀lú ọkọ́ àti ráàkì. Wọ́n fi irin sí ẹnu ọ̀nà tó lọ sí yàrá, wọ́n sì gbé tọ́ọ̀ṣì kan àti fóònù kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì. Bó bá ń bọ̀ wálé, láti ẹnu géètì ló ti máa ń pe bàbá rẹ̀, kódà ní ọ̀sán gangan, á sì dúró títí tí wọ́n á fi gbé e.